Bí ẹ bá fẹ́ háyà ejò fún fíìmù tàbí fọ́tò ní Èkìtì

Ẹni tó ń tọ́jú ejò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá ejò fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń bá àwọn tó ń ya fíìmù àti fọ́tò ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ wá ẹranko: ewúrẹ́, ẹyẹlé, ajá, ẹṣin, ejò. Ejò ni wọ́n máa ń fi ìkánjú bèèrè jù. Wọ́n á pè mí nírọ̀lẹ́ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, a ní ìran ojúbọ lọ́la, a fẹ́ ejò ńlá kan tó máa wọ́ kọjá níwájú babaláwo." Mo máa ń dá wọn lóhùn pé kò lè ṣeé ṣe lọ́la. Ejò tí wọ́n bá fi ìkánjú wá ni ó máa ń kú sí lókéṣọ̀n, ìyẹn ibi tí a ti ń ya iṣẹ́, n kò sì fẹ́ kí ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Ohun tí ìkánjú máa ń fà ni pé ẹnì kan á sáré lọ bá ọdẹ, á ní kó bá òun mú ejò kan wá láti inú oko. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe é. Ejò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú igbó kò mọ ọwọ́ èèyàn rí. Eégbọn lè kún ara rẹ̀, okùn tàbí pàkúté lè ti dá egbò sí i lára, òùngbẹ á sì máa gbẹ ẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà á, ohun tó bá sì sún mọ́ ọn ni yóò bù jẹ. Bí iṣẹ́ bá parí, kò sí ẹni tó máa gbé e lọ sílé. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé iná á fọ́ ọ lórí, ó di ọbẹ̀ ata lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹranko tó bá yín ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ẹ wá jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà ńbẹ̀. Gbogbo ẹ̀yà erè àti òjòlá tó wà nílẹ̀ Nàìjíríà ló wà lábẹ́ àdéhùn CITES, tó ń ṣọ́ káràkátà ẹranko igbó láàárín orílẹ̀-èdè. Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn náà láti ọdún 1974. A ní òfin tiwa lórí ẹranko tó ń tán lọ, ti ọdún 1985, tí wọ́n tún ṣe ní 2016, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú òfin àyíká ṣẹ, sì wà lára àwọn tó ń mú un ṣẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ eléjò, ẹ bèèrè ibi tí ejò ti wá àti ìwé tó ní lórí rẹ̀. Eléjò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Èyí tó bá bínú, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ejò wo ni kí ẹ háyà? Fún iṣẹ́ tó pọ̀ jù, erè kékeré ni mo máa ń mú, èyí tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ń jẹ́ Python regius. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí wà lára ilé rẹ̀. Kò ní oró. Bó bá dàgbà tán, gígùn rẹ̀ kì í sábà ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ, ara rẹ̀ ki, àwọ̀ rẹ̀ sì lẹ́wà gan-an nínú kámẹ́rà, pàápàá bí iná bá ti ẹ̀gbẹ́ wá. Bí ẹ̀rù bá bà á, kíká ló máa ká ara rẹ̀ jọ, tí yóò fi orí pamọ́ sáàárín. Ó lè lo 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Èyí tí mo máa ń pè jù, Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ tí ẹni tó ni ín sọ ọ́, ojú ọmọ ló sì fi ń wò ó.

Òjòlá ńlá yàtọ̀. Ó lè gùn ju mítà 4 lọ, agbára ara rẹ̀ nìkan sì tó pa èèyàn. Bó bá ti kọjá mítà 2, èèyàn kan kò gbọ́dọ̀ dá a gbé. Ìlànà tí mo ń tẹ̀lé ni pé kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n gbé wà fún mítà kan àti ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí òṣèré tó gbọ́dọ̀ gbé e kọ́ ọrùn. Bí ìran náà kò bá béèrè òjòlá ní tòótọ́, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà sọ erè di ńlá: ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀ gan-an, kí ejò sún mọ́ ọn, kí òṣèré wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Sèbé, ọká àti paramọ́lẹ̀, ẹ má háyà wọn fún iye owó yòówù. Sèbé lè tu oró síni lójú láti ibi tó ju mítà 2 lọ. Àwọn kan á sọ fún yín pé àwọn ti yọ eyín rẹ̀, tàbí pé àwọn ti rán ẹnu rẹ̀. Ẹ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kíákíá. Eyín ejò máa ń hù padà, àpò oró sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Èyí tí wọ́n rán lẹ́nu kò lè jẹ, kò lè mu omi, ẹnu rẹ̀ á jẹrà, ikú oró ni yóò kú. Bí ìtàn yín bá nílò sèbé, ẹ ya ojú òṣèré lọ́tọ̀, ẹ ya koríko tó ń mì lọ́tọ̀, kí ẹ lo ejò rọ́bà fún èyí tó wà lọ́nà jíjìn. Ẹni tó ń to fíìmù yín lórí kọ̀ǹpútà á so wọ́n pọ̀, ẹ̀rù á sì ba àwọn òǹwòran dáadáa.

Ẹ lọ wo ejò nílé rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ wo bóyá ilé rẹ̀ mọ́, bóyá omi tútù wà níbẹ̀, bóyá ó ní ibi tó lè sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo ara rẹ̀: ojú tó mọ́, imú tí kò yọ ìfófòó, ẹnu tó pa dé, ẹ̀yìn tí egungun kò ta sókè. Bó bá ń la ẹnu mí, àìsàn wà ní àyà rẹ̀, dókítà ẹranko ló nílò. Kí eléjò gbé e jáde níṣojú yín, kí ẹ wo bó ṣe ń fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń fa ejò ní ìrù, tó ń gbá a lórí, tó ń sọ pé oògùn òun ló mú un, kì í ṣe ẹni tí ẹ lè fi ẹ̀mí òṣèré yín lé lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn eléjò tó máa ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ejò rẹ̀ kò lè ṣe. Ẹ bèèrè bóyá ó ti wà láàárín èrò rí, bóyá iná ńlá ti tàn sí i rí, ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn, ìgbà wo ló bọ́ awọ kẹ́yìn.

Ìbéèrè méjì tó gbẹ̀yìn yìí ló máa pinnu ọjọ́ iṣẹ́ yín. Ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun kò ṣeé gbé fún ó kéré tán wákàtí 48. Bí oúnjẹ náà bá tóbi, ẹ fi ọjọ́ kún un. Bí ẹ bá gbé e káàkiri, yóò pọ ohun tó jẹ, èyí sì ń ba inú rẹ̀ jẹ́ gan-an. Ti awọ tún le jù ú lọ, torí pé kò sí ẹni tó lè dá ọjọ́ rẹ̀. Bí awọ bá fẹ́ bọ́, àwọ̀ ara ejò á ṣú, ojú rẹ̀ á sì funfun bí omi ẹ̀kọ. Kò ríran dáadáa nígbà náà, inú á máa bí i sí ohunkóhun tó bá fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà tí ojú bá ti funfun bẹ́ẹ̀ títí dé ìgbà tí awọ bá bọ́, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Nítorí náà, ẹ fi ọjọ́ méjì tó jìnnà síra sínú ètò yín, tàbí kí ẹ háyà eléjò tó ní erè méjì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwòrán ara ejò kan kì í bá ti èkejì mu. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn pẹ̀lú ọ̀kan, ẹ ya orí rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sí fóònù, kí ẹ lè mọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ máa kọ sí kámẹ́rà bó bá di dandan láti pààrọ̀.

Lórí owó, iye tó bá wù yín ni kí ẹ jọ dúnàádúrà lé lórí, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Wákàtí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ejò bá kúrò nílé títí tó fi padà délé. Owó ọkọ̀, owó ọmọṣẹ́ eléjò, àsansílẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí awọ bá dé láìròtẹ́lẹ̀, ẹni tó máa sanwó dókítà bí ejò bá farapa: gbogbo rẹ̀ lẹ máa kọ. Bó bá jẹ́ fọ́tò ìpolówó ọjà tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ìgboro fún oṣù púpọ̀, owó rẹ̀ yẹ kó ju ti fọ́tò ọjọ́ ìbí lọ. Gbólóhùn kan wà tí n kì í jẹ́ kó yọ kúrò nínú ìwé àdéhùn láé: eléjò nìkan ló ní àṣẹ láti sọ pé ó tó, bó bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ dúró, olùdarí ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ọ̀nà díẹ̀. Inú àpò aṣọ tí ẹ so lẹ́nu ni ejò ń gbé rìnrìn àjò, kí àpò náà sì wà nínú àpótí rọ́bà tó ní ihò afẹ́fẹ́ àti ìdérí tó tì pa. Inú ọkọ̀ pẹ̀lú èèyàn ni àpótí ń jókòó sí. Búùtù gbóná jù, ọ̀kadà kò yẹ ẹ́ rárá. Ara ejò kì í dá ooru ṣe, ibi tó bá wà ló ń gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ̀n tó bá erè lára mu sì wà láàárín 26 àti 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní àkókò ọyẹ́, òwúrọ̀ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Ìpólé-Ìlórò tutù ju ohun tó lè fara dà lọ, nítorí náà ẹ fi ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹ fi táwẹ̀lì wé sí ẹ̀gbẹ́ àpò, kó má fara kàn án. Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró lójú ọ̀nà, ẹ tètè sọ ohun tó wà nínú àpótí kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ mú ìwé iṣẹ́ yín dání.

Ohun tó máa ń jẹ mí lọ́kàn jù ni àwọn ará ibi tí a fẹ́ lọ ṣiṣẹ́. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá rí ejò, àdá ló ń wá. N kò bá wọn jà, torí pé ejò ti pa èèyàn nínú oko wa. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ejò tí a háyà kò ní ẹni tó máa bá a rìn ju àwa tí a gbé e wá lọ. Nítorí náà, mo máa ń lọ sí ìlú náà ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ abúlé, mo lọ kí Baálẹ̀. Bó bá jẹ́ ìlú, mo lọ sí ààfin, mo sì bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀. Mo máa ń kúnlẹ̀ ṣàlàyé pé, "Ẹ̀yin bàbá wa, ejò kan ń bọ̀ níbí ní ọjọ́ báyìí, kò ní oró, ẹni tó ni ín wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má fọwọ́ kàn án." Mo tún máa ń bèèrè bóyá èèwọ̀ kan wà. Ìdílé wà tí wọn kì í pa erè, tí wọn kì í sì í fẹ́ kí wọ́n fi ṣeré ní àgbàlá wọn. Bí wọ́n bá ní kò yá, a ó wá ibòmíràn. Bí wọ́n bá gbà, wọ́n á tún máa bá wa ṣọ́ ọ.

Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín náà ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹni tí ẹ̀rù ejò ń bà kò gbọ́dọ̀ bá a pàdé lójijì, ẹ fún un ní iṣẹ́ míì ní ọ̀nà jíjìn, kí ẹnikẹ́ni má sì fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún un láyè. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má da òróró àdúrà sí ejò lára. Kí àdá má sí lókéṣọ̀n, àfi èyí tí òṣèré ń lò nínú ìran, kí ìyẹn sì jẹ́ èyí tí kò mú. Ẹ dí gbogbo ihò tó wà nílẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ọkọ̀ jìnnà síbẹ̀: ejò tó bá ráyè sá, inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó lè wọ̀, ẹ ó sì tú ọkọ̀ kí ẹ tó rí i.

Ìran ojúbọ ni wọ́n máa ń fẹ́ ejò sí jù, òun náà ló sì léwu fún un jù. Wọ́n á so adìyẹ mọ́ ẹsẹ̀ òrìṣà, èéfín á bo gbogbo yàrá, epo pupa á wà nílẹ̀, ìlù á máa dún. Òórùn adìyẹ oúnjẹ ni fún erè. Bó bá ti gbọ́ òórùn náà, ọwọ́ tó bá kọ́kọ́ sún mọ́ ọn ló máa bù. Nítorí náà, ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ya adìyẹ, kí òṣèré fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kó tó gbé ejò, pàápàá bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹran. Ẹ fi èéfín sí i nígbà tí ejò bá ti jáde. Ẹ má fi ẹfun, osùn tàbí epo ra á lára. Ẹ má fín oògùn ẹ̀fọn sí yàrá náà rárá láti ọjọ́ tó ṣáájú, torí pé oògùn yìí lè pa ejò. Ejò kò ní etí níta, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ láti inú egungun àgbọ̀n rẹ̀: kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kí onílù sinmi títí a ó fi parí.

Okùn tó nípọn bí ejò ni kí ẹ fi dánrawò. Ẹ to iná, ẹ to kámẹ́rà, kí òṣèré mọ ibi tó máa dúró, kí gbogbo rẹ̀ pé kí eléjò tó ṣí àpótí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ejò padà sínú àpò lọ sinmi, bó tilẹ̀ dàbí ẹni pé kò rẹ̀ ẹ́. Iná LED ni kí ẹ lò, torí pé iná àtijọ́ tó ń gbóná ń jó o. Òṣèré á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lábẹ́, bí ẹni pé òun ni ẹ̀ka igi, kó jẹ́ kó máa rìn láti ọwọ́ kan sí èkejì, kó má di ọrùn rẹ̀ mú. Bí ahọ́n rẹ̀ bá ń yọ wọ́rọ́wọ́, ó ń fi wá òórùn ni, ara tù ú. Bó bá fa ọrùn sẹ́yìn tó sì ká a kọ́rọ́kọ́rọ́, ó fẹ́ bù. Kí gbogbo èèyàn dúró jẹ́ẹ́, kí eléjò wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò ọjọ́ ìbí, ọ̀rọ̀ yín kò pọ̀. Kí oníbàárà má fín lọ́fínńdà. Kó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó mú àti píìnì gèlè. Kó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, torí pé inú ọwọ́ bùbá àti agbádá ni ejò fẹ́ràn láti wọ̀, yíyọ rẹ̀ síta kò sì rọrùn. Ejò kò ní ìpéǹpéjú tó máa fi pa ojú dé, nítorí náà ẹ má tan fíláàṣì sí i lójú. Ẹ darí rẹ̀ sí ògiri tàbí àjà. Bí ẹ bá fẹ́ ahọ́n rẹ̀ nínú fọ́tò, ẹ fi ìyára kámẹ́rà sí 1/500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ ní sùúrù. Lórí àpáta bíi Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ. Bí òkúta bá ta ẹ̀yìn ọwọ́ yín, yóò jó ikùn ejò. Ní Ìkọ́gòsì, ẹ̀bá omi ni kí ẹ ti yà á. Lóòótọ́ ó mọ omi wẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣàn omi lè gbé e lọ mọ́ yín lọ́wọ́. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 má gbé e, kí ẹni tó bá sì gbé e fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, torí pé kòkòrò àìsàn Salmonella máa ń wà lára ejò.

Bí erè bá bu èèyàn jẹ, kó má fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Eyín rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, fífà ló ń ya ẹran ara. Ẹ dúró kó tú u sílẹ̀, tàbí kí eléjò ti orí rẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ, omi, àti abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ewu tó tóbi jù nínú igbó Èkìtì ni ejò olóró tí kò sí nínú ìwé eré yín. Kí ẹ tó lọ, ẹ pe ilé ìwòsàn ìjọba ní Adó tàbí Federal Teaching Hospital ní Ìdó-Èkìtì, ẹ bèèrè bóyá abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò wà nílẹ̀. Bí ejò olóró bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má gé ojú egbò, ẹ má so ó, ẹ má fi òkúta dúdú lé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹni náà rìn, ẹ mú kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà wà lójú kan, ẹ gbé e lọ kíákíá. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò pé oró ejò ń pa èèyàn tó wà láàárín 81,000 sí 138,000 lọ́dọọdún.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ jẹ́ kí ejò kọ́kọ́ kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú iná àti kó ẹrù. Ẹ má bẹ eléjò pé kó dúró fún fọ́tò ìrántí pẹ̀lú gbogbo èèyàn. Ó ti rẹ ejò. Ẹ kọ orúkọ eléjò sí ìparí fíìmù bí ẹ ṣe kọ ti ẹni tó ṣe mákẹ́ẹ̀pù. Ẹ san ìyókù owó rẹ̀ kó tó gbé àpótí wọ ọkọ̀, kí ẹ sì pè é lọ́jọ́ kejì láti bèèrè bóyá ó ti mu omi.